Màmá Kò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Gba Orógùn Lọ́wọ́ Wọn: Ẹ Gbà Wá Nímọ̀ràn

Àkọ́bí-Màmá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Màmá wa ti lé lẹ́ni 70 ọdún, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń gbé nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Dókítà ti sọ fún wa pé kerekere inú oríkèé eékún wọn méjèèjì ti jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún wọn kò lè di nǹkan mú pẹ́ mọ́. Orí àpótí kékeré ni wọ́n máa ń jókòó sí láti dáná, nítorí pé sítóòfù ilẹ̀ ni wọ́n ti ń lò bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n bá sì ti jókòó tán, dídìde á wá di iṣẹ́. Àwọn àbúrò mi fẹ́ wá ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn, ṣùgbọ́n Màmá fi àáké kọ́rí, wọ́n ní àwọn kò tíì di ẹni tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́. Èmi gbà pẹ̀lú Màmá. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, àwọn àtúnṣe wo ni a lè ṣe sí ilé ìdáná náà, láìná owó rẹpẹtẹ, tí wọn yóò fi lè máa se ọbẹ̀ ara wọn láìfarapa?

Nọ́ọ̀sì-Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá ń se oúnjẹ, kí ẹ má dá sí ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ẹ kàn máa wò. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe oúnjẹ sísè gan-an ló ń dà wọ́n láàmú. Lílóṣòó mọ́lẹ̀ ni, gbígbé nǹkan tó wúwo ni, àti gbígbé ohun gbígbóná láti ibì kan lọ síbòmíràn. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ bá wọn mú kúrò. Ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́bẹ̀.

Àpótí kúkúrú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjú sí. Bí èèyàn bá jókòó tí eékún rẹ̀ ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ, eékún náà ni yóò ru púpọ̀ nínú ìwúwo ara nígbà tó bá fẹ́ dìde. Àga tó ní apá ni kí ẹ wá, èyí tó ga débi pé ìbàdí yóò fi díẹ̀ ga ju eékún lọ, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ti ara wọn dìde. Lẹ́yìn èyí, ẹ kó gbogbo ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, iyọ̀, epo, èlùbọ́, gàárì àti ìkòkò kékeré, sí ibi tó wà láàárín ìbàdí àti èjìká wọn. Ohun tó bá ga ju èjìká lọ yóò mú kí wọ́n máa gun àga, ohun tó bá sì wà nílẹ̀ yóò mú kí wọ́n máa lóṣòó. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìpàdé ẹbí lè lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kò sí olè tí yóò gbé e.

Bí wọ́n bá ń lo ọ̀pá ìtìlẹ̀, ọwọ́ tó wà ní òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn jù ni wọ́n fi ń mú un. Bí ọwọ́ yẹn bá wá bọ́ sí èyí tí kò lágbára, kí físíò, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, fúnra rẹ̀ wò ó. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa púpọ̀: ní ilé ìwòsàn UCH níbí, ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ìyẹn Chief Tony Anenih Geriatric Centre, ti wà láti ọdún 2012. Ẹ mú wọn wá, nítorí pé bí iṣan itan bá ti ń lágbára sí i, ẹrù tó wà lórí eékún máa ń fúyẹ́.

Káfíńtà-Ọ̀ṣogbo

Ọ̀rọ̀ àga àti tábìlì ni tèmi. Fún ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́, tábìlì tí ojú rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 70 sí 80 láti ilẹ̀ ló sábà máa ń bá ara mu, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ Màmá ni ìwọ̀n tòótọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àga tí wọn yóò máa lò, kí wọ́n sọ èjìká wọn kalẹ̀, kí wọ́n ká apá wọn bí ẹni tó fẹ́ gé ẹ̀fọ́, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé abẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Kí káfíńtà má ṣe fi dúrọ́ọ̀ tàbí pákó dí iwájú tábìlì náà, kí eékún lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá sì di ọjọ́ tí wọ́n ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, tábìlì yẹn náà ni wọn yóò máa lò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti ronú jinlẹ̀ ni ibi tí iná yóò wà. Bí ẹ bá gbé kúkà kékeré ka tábìlì ìgbọ̀nwọ́ yìí, tí ẹ sì gbé ìkòkò ka orí rẹ̀, ẹnu ìkòkò lè fi ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ga ju tábìlì lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé déédéé èjìká wọn ni yóò ga dé, wọn kò ní rí inú rẹ̀ dáadáa, oru ọbẹ̀ yóò sì máa lù wọ́n lójú. Nítorí náà, ìdúró iná gbọ́dọ̀ kúrú ju tábìlì lọ. Tí a bá ṣe é ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50, ẹnu ìkòkò yóò wà ní déédéé ìgbọ̀nwọ́. Irin ni kí ẹ fi ṣe é, tàbí kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, kì í ṣe pákó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni kí wọ́n jókòó sí. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ iná láé, nítorí pé ohun tó bá dà, itan ni yóò dà sí.

Ẹ tún bá wọn de irin ìdìmú mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Inú búlọ́ọ̀kù ni kí ìdè rẹ̀ wọ̀ dáadáa. Mo ti rí ilé tí àgbàlagbà ti ń di ẹnu ẹ̀rọ omi mú láti dìde, ẹnu ẹ̀rọ yẹn kò sì lè gba ẹnikẹ́ni dúró.

Bàbá-Ọlọ́wọ́-Kan, Èkó

Kì í ṣe ìyá nìkan ló ń wọ ilé ìdáná o. Rọpárọsẹ̀ gba agbára ọwọ́ òsì mi, ìyàwó mi sì ti di olóògbé, nítorí náà bí n kò bá dáná, gàárì ni n ó máa mu láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo ní kí wọ́n kan ìṣó méjì tí kì í dípẹtà láti abẹ́ pákó tí mo fi ń gé nǹkan, kí ẹnu wọn yọ sókè. Orí ìṣó wọ̀nyẹn ni mo máa ń fi àlùbọ́sà, tòmátì tàbí iṣu gún sí, kò ní lè sáré kiri mọ́, ọwọ́ kan á sì tó láti gé e. Bí mo bá ṣe tán, mo máa ń fi nǹkan bo ẹnu ìṣó náà. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí vọ́ọ́kánáísà fẹ́ sọ nù ni mo tẹ́ sí abẹ́ pákó, èyí tó kù ni mo sì fi ń ṣí ìdérí ìgò, nítorí pé ó máa ń di ìdérí mú ju ọwọ́ lásán lọ. Bí ẹ kò bá rí rọ́bà, aṣọ tí ẹ rẹ sómi tí ẹ sì fún dáadáa yóò ṣe é. Abọ́ tí mo fi ń tẹ ẹ̀bà, orí aṣọ tútù yẹn náà ló ń jókòó sí.

Ní ti iṣu, mo máa ń ní kí ẹni tó tà á bá mi gé e sí ègé kéékèèké. N kì í bó o. Mo máa ń fọ̀ ọ́, mo sì máa ń sè é pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Bó bá jinná, èèpo náà á bọ́ wẹ́rẹ́. Inú ajẹ̀rẹ́ onírin tó ní ìdìmú ni mo máa ń kó iṣu tàbí ìrẹsì sí kí n tó gbé ajẹ̀rẹ́ náà sínú ìkòkò, èyí tó mú kí ó jẹ́ pé oúnjẹ nìkan ni mo ń gbé jáde, omi gbígbóná á sì wà níbi tó wà títí yóò fi tutù. N kò ro omi gbígbóná dà nù láti inú ìkòkò mọ́. Ọbẹ̀ náà, ìgbakọ ni mo fi ń bù ú, n kì í gbé ìkòkò dà.

Ẹ má gbàgbé omi. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 tí à ń fojú kéré jẹ́ 20 kílò kí a tó ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Ẹ ra dúrọ́ọ̀mù kékeré tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, kí ẹ gbé e ka ibi tó ga dé ìbàdí, kí ẹlòmíràn máa pọn omi sí i. Ife ni kí Màmá máa fi gba omi sínú kẹ́tù, ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ lò nìkan.

Ìyá-Olóúnjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, ẹ kú orí ire. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dárúkọ èyí tó le jù, ìyẹn àmàlà. Àmàlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eékún, ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ ni, àti ti ìkòkò tí kò fẹ́ dúró sójú kan. Ẹ lọ bá àwọn tó ń jó irin, kí wọ́n ṣe òrùka tí ìdí ìkòkò Màmá yóò rì sí, kí wọ́n jó o mọ́ ìdúró iná tí Káfíńtà ń sọ, kí ìkòkò má lè yí nígbà tí orógùn bá ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń di orógùn mú gbọ́dọ̀ sanra díẹ̀. Igi tó tínrín máa ń mú kí ìka fún ara wọn pọ̀ jù, ìyẹn ló sì ń dun oríkèé ìka. Ẹ fi fóòmù wé e, kí ẹ sì fi okùn dè é.

Ẹ ro ìwọ̀nba tí ẹnì kan yóò jẹ. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kò mọ bí a ṣe ń ro ọkà fún ẹnì kan ṣoṣo, ìkòkò wọn máa ń retí àlejò nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n àmàlà ẹni mẹ́rin kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tó ń ro. Bí èlùbọ́ bá ti mu omi tán, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kí ẹ dé e lórí iná kékeré. Oru inú ìkòkò yóò bá yín ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wá rò ó ní àròpin. Ní ti iyán, ọmọ odó ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Ìyẹ̀fun iyán wà lọ́jà. Kò dà bí iyán ojú odó, n kò ní purọ́ fún yín.

Iṣẹ́ púpọ̀ ló yẹ kó ti parí lọ́jà kí nǹkan tó dé ilé. Ẹ gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ẹ̀gúsí, kí wọ́n sì bá yín bó ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fírísà: ẹ fi epo din ata náà títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, yóò pẹ́ ju èyí tí ẹ kàn bọ̀ lọ, kí ẹ sì máa bù díẹ̀díẹ̀ gbóná. Ẹ̀fọ́ jíjá àti ẹ̀wà ṣíṣà ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún Màmá pátápátá, nítorí pé ìjókòó ni wọ́n ń ṣe é, ó sì ń na ìka.

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà: ìró tó ń wọ́lẹ̀ àti bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀ kò yẹ ní ẹ̀gbẹ́ iná. Kí wọ́n wọ aṣọ tí apá rẹ̀ kò kọjá ìgbọ̀nwọ́, àti bàtà onírọ́bà tó di gìgísẹ̀ mú, pàápàá bí ilẹ̀ ilé ìdáná bá jẹ́ táìlì. Epo pupa tó kán sórí táìlì kì í fi ara hàn títí ẹsẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Olójú-Inú, Àkúrẹ́

Ẹ má bínú sí mi, n óò sọ tèmi. Gbogbo ohun tí ẹ ń kọ dára, ṣùgbọ́n iná ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Mo ti rí àgbàlagbà tí òróró gbígbóná dà sí lára, ojú egbò náà sì pẹ́ gan-an kó tó san. Ṣé kò sàn kí Màmá jókòó sórí àga, kí wọ́n máa pàṣẹ bí ọbẹ̀ yóò ṣe rí, kí ọmọdé sì máa sè é lójú wọn?

Nọ́ọ̀sì-Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ kò jẹ̀bi, ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Awọ ara àgbàlagbà ti fẹ́lẹ́, ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ tó ti ba iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lè jóná kó tó mọ̀ pé iná wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n óò fi gbà pé kí Màmá fi ohun tó ń fẹ́ òróró jíjìn sílẹ̀. Kí wọ́n ra àkàrà àti dòdò lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Bí iná bá sì jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ jẹ́ kó máa dà sójú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó bò ó, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ bó bá fẹ̀ tàbí tó bá lé ròrò. Epo pupa, ẹyin, àti ọṣẹ ìfọyín kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ yóò tètè rọ, a ó sì wá rí i pé ìrìn láti yàrá dé pálọ̀ náà ti di ìṣòro. Ọmọ ọ̀dọ̀ lè wá láàárọ̀, kí ó pọn omi, kí ó gbé ohun tó wúwo, kí ó nu ilẹ̀, kí ó sì máa lọ. Kí ó sì yé e pé Màmá ni ọ̀gá rẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ tó ń sanwó láti Èkó.

Ohun kan ṣoṣo ló lè yí ọ̀rọ̀ mi padà, ìyẹn ni ìgbàgbé. Bí wọ́n bá ń fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná títí tó fi ń jóná, tó sì ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ mú wọn lọ rí dókítà, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dá nìkan wà pẹ̀lú iná mọ́.

Ará-Peckham, London

Fún àwọn tí òbí wọn wà lọ́dọ̀ wa níbí, òfin Care Act ti ọdún 2014 ló ní kí council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ṣe àyẹ̀wò ohun tí àgbàlagbà nílò, ẹ kò sì ní láti sanwó kí wọ́n tó ṣe é. Occupational therapist, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń wo bí èèyàn ṣe lè máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀, ni yóò wá sílé. Ní England, bí wọ́n bá rí i pé ẹ nílò irinṣẹ́ tàbí àtúnṣe kékeré tí owó rẹ̀ kò ju £1,000 lọ, ọ̀fẹ́ ni. Fún àtúnṣe ńlá, bíi kí wọ́n rẹ pẹpẹ ilé ìdáná sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fẹ ẹnu ọ̀nà, owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Disabled Facilities Grant wà, tó lè dé £30,000 ní England àti £36,000 ní Wales, ṣùgbọ́n wọn yóò wo owó tó ń wọlé fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nìyí. Nígbà àyẹ̀wò ilé ìdáná, wọ́n sábà máa ń ní kí àgbàlagbà po tíì kan, bóyá kó yan búrẹ́dì. Àwọn ìyá wa á po tíì náà dáadáa, wọ́n á sì tún fi ẹ̀rín lé e, nítorí pé ojú àlejò kì í jẹ́ kí wọ́n sọ pé ara ń ro wọ́n. Ẹ ṣàlàyé fún ẹni tó wá pé kì í ṣe tíì ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀ jáde kí ó fọwọ́ gbé e wò, ẹ sì fi bí a ṣe ń ro àmàlà hàn án. Ìgbà yẹn ni yóò wá mọ irú irinṣẹ́ tó yẹ. Àwọn tí mo ti rí tó wúlò ni àga gíga tí ojú rẹ̀ dagun síwájú fún ẹni tí kò lè dúró pẹ́, férémù tí kẹ́tù ń jókòó sí tí a kàn ń tẹ̀ síwájú láti da omi, àti tírọ́lì tí wọ́n ń tì. Orí tírọ́lì yẹn ni àmàlà àti ẹ̀fọ́ màmá tèmi ń gbà dé pálọ̀.

Àbúrò-Onígíláàsì, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ kékeré lórí ojú. Bí ojú Màmá kò bá ríran kedere mọ́, ẹ má fún wọn ní pákó funfun láti gé iṣu lórí rẹ̀. Dúdú ni kí ẹ wá, kí wọ́n lè rí ibi tí iṣu parí sí àti ibi tí ìka bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi kúútẹ̀ pupa sàmì sí ibi tí bọ́tìnnì gáàsì gbọ́dọ̀ kọjú sí nígbà tó bá wà ní pípa.

Àkọ́bí-Màmá, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá létí. Wọ́n gba àga, tábìlì, ìdúró iná pẹ̀lú òrùka rẹ̀, àti dúrọ́ọ̀mù ẹlẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n gbà kí ọmọ aládùúgbò kan máa wá pọn omi láàárọ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ ṣí ìkòkò. Fóòmù ara orógùn ni wọ́n kọ̀, wọ́n ní kí káfíńtà gbẹ́ orógùn tuntun tó sanra fún àwọn. Ìbéèrè tó kù ni pé a fẹ́ kúrò lórí sítóòfù bọ́ sórí gáàsì. Ibo ni kí a gbé sìlíńdà sí, báwo sì ni ọwọ́ tí kò lágbára yóò ṣe máa ṣí i?

Alágbàtà-Gáàsì, Ṣágámù

Ìta ni kí ẹ gbé e sí, ní ìdúró, lábẹ́ òrùlé kékeré, kí rọ́bà gba ara ògiri wọlé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wá bó bá ń jò, nítorí náà kò gbọdọ̀ wà nínú kòtò tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tó pa dé. Nọ́ńbà 12.5 kílò tí ẹ ń rí lára sìlíńdà jẹ́ ti gáàsì inú rẹ̀ nìkan, irin náà ní ìwúwo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń kún un ni kó gbé e wá, kó so ó, kó sì fi ìfófó ọṣẹ dán ojú ìso rẹ̀ wò kó tó kúrò. Bí ó bá ń hó, ó ń jò.

Ẹ béèrè fún ẹnu sìlíńdà oníbọ́tìnnì tí wọ́n ń yí díẹ̀ láti ṣí àti láti pa, èyí tí kò gba agbára ìka. Kúkà tó ń tan ara rẹ̀ ni kí ẹ rà. Bó bá sì jẹ́ ìṣáná ni Màmá ń lò, kí wọ́n ṣá a kí wọ́n tó ṣí gáàsì. Bí òórùn bá jáde, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná mànàmáná, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n bọ́ síta, kí wọ́n pe aládùúgbò. Títí ẹ ó fi rà á, ẹ lè gbé sítóòfù ka ìdúró irin yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kẹrosíìnì sí i nígbà tó bá ṣì ń jó tàbí tó ṣì gbóná.

Ẹ gbé ìdúró iná kalẹ̀ kí ẹ tó wọn rọ́bà gáàsì. Bó bá gùn jù, yóò máa wọ́ nílẹ̀ níbi tí ọ̀pá Màmá ń gbà kọjá.